Ọmú Tí Mo Dì Mú Níwájú Kámẹ́rà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé wa ṣe rí, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ní Kétu níbí, ilé oníyàrá púpọ̀ ni mò ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la àárín wọn já títí dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí kànga wà. Bí ẹnìkan bá sín ní ìkángun ọ̀hún, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á ní kó pẹ́ láyé. Èmi ni mo pẹ́ jù níbẹ̀. Iṣu ni mo tà ní Mile 12 títí orúnkún fi sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́, pé bí n kò bá jókòó, òun máa bá mi jókòó. Mo jókòó.

Nínú yàrá tó kọjú sí tèmi ni aláta kan ń gbé, opó ni. Tòmátì àti tàtàṣé ló ń tà, ó sì gbọ́dọ̀ wà lọ́jà nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù àwọn mọ́tò tó ti Òkè Ọya dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń jáde. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó ní, èmi ló máa ń gbé e fún kó tó lọ. Ìgbà yẹn mo ṣì ń tajà, ṣùgbọ́n iṣu kì í bàjẹ́ bí tòmátì. Mo lè dúró kí oòrùn yọ dáadáa.

Ọmọ náà kò gba fídà. A fi sí i lẹ́nu, ó tu ú. A tún fi sí i, ó tún tu ú, á sì fi igbe bọnu bí ẹni tí wọ́n ń pa. Lọ́jọ́ kan tó ti sú gbogbo ilé, mo tú ìró, mo fi ọmú tèmi sí i lẹ́nu. Ọmú gbígbẹ ni o. Àbígbẹ̀yìn mi ti ń fá irùngbọ̀n nígbà náà. Kò sí ohun tó jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà dákẹ́. Ohun tí ìyá mi àgbà ṣe fún èmi náà nìyẹn, ohun tí àwọn àgbà obìnrin wa máa ń ṣe ni láti fi tan ọmọ títí ìyá rẹ̀ á fi dé. Bó bá ti ń mu ún, mo máa ń kì í. Ìyá rẹ̀ ò mọ oríkì tí à bá máa pè é, ó ní kí n bá òun sọ ọ́ lóríkì, mo sì sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ń fi orúkọ mùsùlùmí pè é, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ìnagijẹ pè é. Èmi nìkan ni mo ń pe oríkì yẹn. Ẹ ò ní rí i nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Bí ẹ bá kà á títí, ẹ óò mọ ìdí rẹ̀.

Bí mo bá kì í tán, mo máa ń sun ẹkún ìyàwó fún un, irú èyí tí àwọn ọmọge máa ń sun nílùú wa, ní Òkè-Ògùn, bí wọ́n bá ń lọ sílé ọkọ. Kò tíì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n á máa gbè é. Nígbà tó fi máa dàgbà, ohùn rẹ̀ ti ju ohun tí ilé kan lè gbà lọ.

Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan ló kó ara wọn jọ. Ọ̀kan ń ta gìtá, ọ̀kan ń lu bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ọ̀kan ní ẹ̀rọ kan tó fi ń ṣe oríṣiríṣi ohùn. Orin wọn kì í ṣe tòde ayẹyẹ, kì í sì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti àsàlátù. Wọ́n á kọrin bá bàbá tó ń fi ọmọ ṣe ìlù, wọ́n á kọrin bá olùkọ́, wọ́n á kọrin bá lánlọ́ọ̀dù. Lánlọ́ọ̀dù wa gbọ́ tirẹ̀, ó ní kí wọ́n má lu bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé òun mọ́.

Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ rárá. "Ìsọ̀ mi ní Mile 12, ta ni mo máa fi sílẹ̀ fún?" ló máa ń wí. "Ṣé gìtá ló máa bá mi ṣa tòmátì tó ti rà kúrò nínú èyí tó dáa?"

Ọmọ á ní, "Mọ́mì, láti inú oyún ni mo ti ń gbọ́ òórùn tòmátì. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan míì."

Bí wọ́n ṣe ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dá irun sí bíi dàda wọ ilé wa wá. Fíìmù ló fẹ́ ṣe. Kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tó gbé kámẹ́rà lánàá ló ń se ìrẹsì lónìí. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́ olórin ló fẹ́ fi ṣe é, àwọn tí ilé wọn ní kí wọ́n má kọrin, tí wọ́n wá sá lọ gba yàrá kan létí odò kí wọ́n lè máa kọ ohun tó wù wọ́n. Ó ti gbọ́ orin àwọn ọmọ wa, ó ní àwọn gan-an ló máa ṣe é, pé ọmọ yìí ni yóò jẹ́ aṣáájú wọn. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló kù tó ń wá, ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń lọ, tí yóò di ọmú mú, tí yóò ṣépè fún un. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé èpè tí ìyá bá fi ọmú ṣẹ́ kì í ṣe ohun àmúṣeré.

"Màmá kan ní Ìkòsí ni mo kọ́kọ́ bá sọ ọ́," ó ní. "Wọ́n ní pásítọ̀ àwọn ní kí àwọn má fẹnu àwọn ṣépè, kódà kó jẹ́ nínú eré."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé èpè inú kámẹ́rà náà ń jà ni?" Ẹ̀rín yẹn ń tì mí lójú títí di òní.

"Gránmà, ẹ ò ní kà á nínú ìwé o. Bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu àgbà ni mo fẹ́."

"Ṣé kí n rọra bú u ni, àbí kí n bú u dáadáa?"

"Ẹ bú u kó wọ̀ ọ́ lára, ma."

Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ẹ ò mọ Màmá yìí o. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin gan-an máa sáré lọ bẹ ìyá yín."

Ohun kan wà tó yẹ kí n rántí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn eléré orí ìtàgé máa ń wá sílùú wa. Ìyá mi mú mi lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Àgbà obìnrin kan láàárín wọn ṣépè fún ọmọ rẹ̀ nínú eré, bó sì ti parí, ó tutọ́ sílẹ̀. Mo bi ìyá mi pé kí ló dé. Ó ní, "Kí ilẹ̀ lè mọ̀ pé eré ni." Ó ní àwọn eléré kì í pe orúkọ ẹni gan-an bí wọ́n bá ń ṣe irú ẹ̀, wọn kì í sì í fi ohun tó so ènìyàn méjì pọ̀ ní tòótọ́ ṣe é. Orúkọ àgbélẹ̀rọ ni wọ́n ń pè, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń bá wí. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí. Ṣùgbọ́n mo ti dá ara mi láre ṣáájú. Mo ní èmi kọ́ ni mo bí i. Mo ní ọmú gbígbẹ kì í ṣe ọmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya apá tèmi, ọmọ náà wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi kí n bá a di irun. Mo ti fi òòyà la irun náà dé àárín orí nígbà tó là á.

"Màmá, tí a bá parí fíìmù yìí, mi ò ní máa gbé ilé mọ́ o."

"Níbo lò ń lọ?"

"Yàrá tí a fi ń ṣeré ní Ajégúnlẹ̀, a ti gbà á. Ibẹ̀ la máa wà, ká lè máa kọrin láìsí pé ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn."

"Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, tí omi ń lé wọn jáde lọ́dọọdún?"

"Omi náà máa ń padà síbi tó ti wá, Màmá."

"Ìyá rẹ ti gbọ́?"

"Ẹ má tíì sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

Ìbéèrè kan kù lẹ́nu mi, n kò bi í: èmi ńkọ́? Mo fa irun náà le.

"Yéè! Màmá, orí mi kọ́ ló ṣẹ̀ yín o!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo parí irun náà, ó sì dára.

Ọ̀sán ni wọ́n tó to irinṣẹ́ wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n bẹ gbogbo ilé kí wọ́n pa rédíò, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gún nǹkan ní odó ní sùúrù díẹ̀. Wọ́n na ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sókè orí mi bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já mángòrò. Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe kò dáa. Orúkọ inú eré ni mo fi pè é, mo rọra fọwọ́ kan àyà lórí aṣọ, mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìkéde. Dírẹ́tọ̀ ní, "Gránmà, ó dùn, àmọ́ ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ ò tíì bínú." Ó ní kí a tún un ṣe.

Báàgì Ghana-must-go tí wọ́n fi ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀ ni ọmọ náà gbé ní àkọ́kọ́. Etí rẹ̀ ti já. Ó wọ yàrá wọn, ó gbé òmíràn jáde. Etí aṣọ kan yọ lẹ́nu báàgì náà, mo sì mọ aṣọ ọ̀hún. Àdìrẹ mi ni, èyí tí mo fún un nígbà tó jáde ilé-ìwé. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Báàgì tó fẹ́ gbé lọ gan-an ló gbé yẹn.

Dírẹ́tọ̀ ní, "Ákíṣọ̀n!" Ọmọ náà kọjá lára mi, kò wẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Mo sì gbọ́ tí ẹnu mi pe oríkì rẹ̀.

Mo fọwọ́ bọ abẹ́ ìró, mo di ọmú mú. Mo ní ọmú tó mu nìyí. Mo ní ohùn tó torí rẹ̀ fi mí sílẹ̀, kí ohùn náà fi òun náà sílẹ̀. Ó ku ibì kan tí mo tún sọ, n kò ní kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í fọhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á lè ní ẹnu líle.

Èyí tó ṣòro sọ nìyí. Eré kọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde, mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ohùn náà kú, kí ọmọ lè dúró tì mí.

Dírẹ́tọ̀ gbàgbé láti ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Nígbà tó rántí, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dì mọ́ mi. "Gránmà, ẹ pa wá! Ẹ pa wá pátápátá!" Inú mi dùn. Èmi tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún, wọ́n ń pa á fún mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Inú ìdùnnú yẹn ni mo wà tí n kò fi rántí tutọ́ sílẹ̀.

Ọmọ náà ti ẹnu ọ̀nà padà wọlé. Báàgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, orúkọ yẹn kọ́ ló wà nínú eré."

"Ẹnu mi ló ṣì í."

Ó wò mí. "Ṣé eré ni?"

"Eré mà ni. Kí ló tún lè jẹ́?"

Ó ní ó dáa. Ó gbé báàgì náà padà sí yàrá, ó rọra gbé e sílẹ̀, bí ẹni tí ẹyin wà nínú ẹrù rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n lọ ya ìyókù. Òjò dé, wọ́n ní òjò náà dára fún àwòrán, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró sínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró nínú òjò títí aṣọ fi gbẹ sí i lára kò yẹ kó retí ohùn lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ohùn rẹ̀ há, pé orin ìkẹyìn nínú fíìmù náà ló kù, pé gbogbo wọn jókòó tẹjú mọ́ ọ̀fun rẹ̀, ọmú tí mo dì mú ni mo rántí, kì í ṣe òjò. Orógbó kò tú u. Atalẹ̀ àti oyin kò tú u. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì ní kó má sọ̀rọ̀ rárá. Kò wá sílé. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá ọ̀hún, ìyá rẹ̀ sì ti mọ̀.

Ará ilé kan ló sọ èyí tó kù fún ìyá rẹ̀. Ó ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, omi tòmátì ṣì wà létí ìró rẹ̀. Kò wọ yàrá rẹ̀, tèmi ló yà sí. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ló ti bá mi jà.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"O káàbọ̀. Ọjà ńkọ́?"

"Ọjà wà. Wọ́n ní ẹ di ọmú mú fún ọmọ mi."

"Eré ni, ọmọ mi. Nínú fíìmù wọn ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé eré ni. Ọmú tó mu ńkọ́, ṣé ó mọ̀?"

Mo fa ìró mi bo àyà.

"Èmi ò fẹ́ orin yẹn, Ìyá. Gbogbo ilé ló mọ̀. Mo ti gba gìtá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ rí, mo ti gbààwẹ̀ lórí ẹ̀. Àmọ́ mi ò bẹ Ọlọ́run rí pé kó gba ohùn ẹ̀. Ohùn yẹn náà ló fi ń pè mí."

"Dìde, jọ̀ọ́."

"Mi ò dìde. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa tú u. Bí ẹ ò bá ní tú u, ẹ sọ fún mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí yìí."

Títú u kò le. Omi tútù ni, láàárọ̀, kí ẹni tó ṣépè tó bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ yẹn. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ọmọ wà ní Ajégúnlẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pé òtútù ló mú òun, pé òun ò ní tìtorí omi tí a fi ń tú èpè wá sílé. Èmi ni mo máa lọ.

Ẹ wo arúgbó tó ń ti Kétu lọ sí Ajégúnlẹ̀ láìlanu. Mo bu omi kànga wa sínú ike, mo jáde. "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o!" Mo mi orí. "Ìyá, ṣé kò sí o?" Mo mi orí. Onígààrí tí a jọ máa ń ṣàwàdà lẹ́nu ọ̀nà pariwo tẹ̀ lé mi: "Áà! Ẹ̀yin tí ẹ ti di eléré, ẹ ò kí wa mọ́! Kò burú, a óò máa wò yín nínú tẹlifíṣọ̀n!" N kò lè bú u padà, ó sì dùn mí.

Nínú mọ́tò, kọ̀ńdọ́ tẹ ọwọ́ síwájú mi. "Ìyá, ibo?"

Mo na ọwọ́ síwájú.

"Iwájú gùn, Ìyá. Ṣé Òwódé ni àbí Ìkòròdú?"

Mo gbé ìka kan sókè. Ó ní, "Òwódé?" Mo mi orí. Ó kígbe sí awakọ̀: "Ọ̀gá, Ìyá kan ń bọ́ ní Òwódé Onírin o! Odi ni wọ́n, ẹ má jẹ́ ká gbé wọn kọjá!"

Obìnrin tó jókòó tì mí pòṣé àánú. "Ẹ̀yà. Ìyá tó dáa báyìí." Ó fọwọ́ ra mí léjìká. Nígbà tí mo máa sọ̀, kọ̀ńdọ́ náà kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi àdúrà ran òun lọ́wọ́ nínú ọkàn mi. Èmi tí ẹnu mi ṣe ohun tó ṣe, wọ́n ń bá mi kẹ́dùn pé n kò lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ Òwódé lanu gbé mi mì.

Pákó ni wọ́n tò sórí ẹrẹ̀ láti ẹ̀bá títì wọ àárín ilé ní Ajégúnlẹ̀. Mo ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lórí wọn. Ọmọ náà jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fọ eyín. Bó ṣe rí mi, ó dìde.

"Màmá! Ẹ̀yin àti orúnkún yín?"

Ohùn náà ń ha bí ẹni tó ń wọ́ bàtà lórí yanrìn. Mo ti gbọ́ pé ó há, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ létí ara mi. N kò dá a lóhùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bu omi sẹ́nu, mo tu ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo fi èyí tó kù pa á lọ́fun. Mo wá pe oríkì rẹ̀. Mo ní ọmú tó mu kò bá a jà. Mo ní ohùn tí mo lé lọ, kó padà. Mo ní ibikíbi tí ohùn náà bá gbé e lọ, kó bá a débẹ̀, kódà kó jẹ́ ibi tí mi ò sí.

Omi ń ṣàn sí i láyà. Kò nù ún.

"Màmá, òtútù ló mú mi o. Inú òjò la dúró sí."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá ń tú?"

"Ó lè jẹ́ òtútù. Ó lè jẹ́ èmi. Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn pé eré ni. Kì í ṣe eré."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, "Èmi náà ò ṣeré. Báàgì mi gan-an ni mo gbé."

Ó jókòó padà, ó fà mí jókòó tì í, ó sì gbé orí lé mi láyà, sí ibi ọmú náà gan-an, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ bóyá nǹkan kan ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì bi í.

Ohùn náà padà, ṣùgbọ́n kò padà tán. Lókè, níbi tó ti máa ń dún bí agogo, ó ku ibì kan tó ń là. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi kọ orin ìkẹyìn náà. Dírẹ́tọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Gránmà, ohùn yẹn ní ojú ọgbẹ́, ó wọni lára." Mo rò pé mo mọ ẹni tó dá ọgbẹ́ náà.

Ìgbà yẹn ni ohun tí n kò rò rí tó wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí a fẹnu sọ, bó ti jáde, ó lọ nìyẹn. A lè fi omi lé e. Ṣùgbọ́n tèmi wà nínú ẹ̀rọ. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, mo tún di ọmú mú nìyẹn, mo tún pe oríkì ọmọ, mo tún ṣépè. Omi Ajégúnlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo tu ú.

Mo lọ bá dírẹ́tọ̀. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò.

Ó kúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Gránmà, ibẹ̀ ni fíìmù náà wà. Tí mo bá yọ ọ́, àwọn ọmọ tó ń rìn kiri nìkan ló kù."

"Yọ orúkọ yẹn, ó kéré tán."

"Ìyẹn rọrùn, ma. Mo lè fi ìró mọ́tò bò ó mọ́lẹ̀."

Ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní, "Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti pe èmi nínú fíìmù yìí. Gbogbo ibi yòókù, ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Ẹ fi sílẹ̀." Òun tó torí òmìnira kúrò nílé, mi ò lè ní kó má yan ohun tó wù ú.

Wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìkòsí. Ìyá rẹ̀ wá, ó fi híjáàbù tuntun sí i, ó jókòó tì mí. Nígbà tó kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo rí ara mi lórí ògiri, mo tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Bí mo ṣe lanu níbẹ̀, mo lanu lórí ìjókòó náà, mo ń tú u lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan súfèé. Mo sì tún rí i pé inú mi dùn díẹ̀, ìyẹn ló burú jù. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ àdúgbò ò pè mí ní Ìyá Oníṣu mọ́. "Ìyá Elépè," ni wọ́n ń wí, "ẹ bá wa sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá wa, kò jẹ́ ká sinmi!" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi fíìmù náà hàn níbòmíràn, ọmọ náà á pè mí lórí fóònù láàárọ̀. "Màmá, wọ́n fẹ́ wò ó lónìí o. Mi ò gba nǹkan yẹn gbọ́ o, mo kàn ní kí n sọ fún yín." N kò ní dá a lóhùn. Mo ti bu omi sẹ́nu nìyẹn. Á gbọ́ bí mo ṣe ń pe oríkì rẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Màmá," á pa fóònù.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Wọ́n ní ẹni tó bá ní dátà lè wò ó lórí ibùsùn rẹ̀, ní Kétu tàbí ní ìlú òyìnbó, nígbà tó bá wù ú. Òun náà kò mọ ẹni tó ń wò ó mọ́, kò sì lè máa pè mí. Wọ́n ń lọ káàkiri pẹ̀lú orin wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tó wà gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, òròòwúrọ̀ ni mò ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ ti mọ̀. Kì í kí mi mọ́ bó bá ń lọ sọ́jà ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á gbé agbọ̀n sí apá, á dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tèmi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Bó bá ti gbọ́ oríkì ọmọ rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ.